Omíyalé ní ìlú oníwúrà: kí la fẹ́ ṣe sí ẹrẹ̀ inú ilé, kí la fẹ́ ṣe sí kòtò orí òkè?

Àdùkẹ́ Aláró

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́.

Ìlú oníwúrà kan lápá Atakúnmọ́sà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ kí wọ́n tó papò dà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Òjò náà ò pẹ́, ṣùgbọ́n àgbàrá tó tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré. Ó wó ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó sì gba iwájú jáde. Orí tábìlì ni àbúrò mi gbé màmá sí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ pupa ti ga dé orúnkún nínú gbogbo yàrá. Ilé ìdáná ti wó. Ògiri yàrá màmá sán láti ìpìlẹ̀ títí dé abẹ́ páànù. Kànga kún dé ẹnu, omi inú rẹ̀ sì pupa fòò. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan ò bá a lọ, ṣùgbọ́n ilé àwọn aládùúgbò wa kan bàjẹ́ ju tiwa lọ.

A ò sí létí odò o. Ìsàlẹ̀ òkè la wà. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń wa wúrà lórí òkè yẹn, àwọn tòde òní sì tún gbé katapílà dé ibẹ̀. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ tí wọn ò dí kò lóǹkà.

Àwọn àbúrò mi ní ká fọ ilé, ká kùn ún, kó tán síbẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Kí la máa ṣe sí ògiri yẹn? Ṣé kànga náà ṣì ṣeé lò? Ṣé kòtò ló sì fà á lóòótọ́, àbí òjò lásán ni?

Bíríkìlà Ayétòrò

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ bá wa kí màmá kú ewu.

Kí wọ́n má sùn nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ sán yẹn mọ́, ì báà ṣe òru kan péré. Mo gbà pé ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wò ó níta ó le, àmọ́ amọ̀ inú rẹ̀ ti mumi yó. Ó lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì kó tó wó lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá ń gbẹ apá kan tí apá kejì ṣì tutù.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹrẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi igi ti ògiri náà lọ́tùn-ún lósì. Pákó tó nípọn tàbí ọparun tó ti gbó, kẹ́ ẹ ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa kó ẹrẹ̀ inú ilé àti ti ìta pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó ti inú tán, tí ti ìta ṣì ga, ìwúwo ti ìta á ti ògiri wọlé lé yín lórí. Mo ti rí i rí, ọkùnrin kan ṣèṣe níbẹ̀.

Ẹ fi bírò fàlà sí ibi tí sísán náà parí sí lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bó bá kọjá ìlà yẹn, ká fọwọ́ ara wa wó ògiri náà ni. Sìmẹ́ǹtì tó bá ti ń wú, ẹ há a kúrò kí afẹ́fẹ́ lè dé ara amọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ tàbí kùn ún títí ọyẹ́ á fi dé. Ọ̀dà tí wọ́n bá kùn báyìí, inú omi ni wọ́n dà á sí.

Iná ńkọ́? Bí omi bá dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má tàn án títí oníná á fi yẹ gbogbo wáyà wò.

Àdùkẹ́ Aláró

Ẹ ṣeun gan-an. Omi kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi ti pa iná láti ibi mítà. Màmá ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Iléṣà, ọkàn mi balẹ̀ ní ti ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Àǹtí, ẹ kú àfaradà.

Kí ẹnikẹ́ni má mu omi kànga yẹn, kí wọ́n má fi sè, kí wọ́n má fi fọ eyín ọmọ. Gbogbo ṣáláńgá tó wà lókè yín ti bá àgbàrá yẹn wá. Ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì ló máa ń tẹ̀lé omíyalé. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, kẹ́ ẹ tó gbé e dé ọsibítù, ẹ po lítà omi mímọ́ kan pọ̀ mọ́ ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ìyẹn ni ti kòkòrò àrùn. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni ibi tí àgbàrá náà ti wá. Níbi tí wọ́n bá ti ń fọ wúrà, wọ́n máa ń fi mẹ́kúrì, irin olómi tó lóró, kó góòlù jọ, òjé sì lè wà nínú òkúta tí wọ́n fọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kó yé yín sódì o: síse omi ń pa kòkòrò, àmọ́ kò lè yọ mẹ́kúrì tàbí òjé kúrò. Tẹ́ ẹ bá ń sè é tó ń gbẹ, ṣe lohun tó wà nínú rẹ̀ á máa ki sí i. Omi klorín náà ò ràn án.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹrẹ̀ yẹn gbẹ nínú ilé kó di eruku tí ẹ ó máa fà símú. Ẹ kó o ní tútù. Bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Kí ọmọdé má bá yín débẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo bá àǹtí kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí á má di gbogbo rẹ̀ ru àwọn tó ń wa wúrà. Odò Ògùnpa ya wọ ilé ní Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Ìbàdàn tún kàgbákò, ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ta ló ń wa wúrà ní Ògùnpa? Ilé tí a kọ́ sójú omi ni, àti ìdọ̀tí tí a dà sí gọ́tà. Gbódófọ̀n wa níbí, létí odò Ọ̀ṣun, náà ńkọ́? Bí òjò bá ti ṣú, àwọn tó ń gbé etí odò yẹn á ti máa gbé fóòmù sókè.

Baba Atakúnmọ́sà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Òṣogbo ni mò ń gbé báyìí, àmọ́ inú ilẹ̀ oníwúrà yẹn ni wọ́n ti bí mi, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìwọ ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, òótọ́ lo sọ nípa Ìbàdàn. Ti ibí yìí yàtọ̀, jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni àwọn òyìnbó wa wúrà gan-an lágbègbè wa. Ojú ìṣàn ni wọ́n ń tọ̀, nítorí wúrà tí omi ti wọ́ sínú yanrìn ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ogun Hitler dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn pa iṣẹ́ tì, wọ́n sì lọ. Wọn ò dí kòtò kankan. Àwọn bàbá wa ló bá a níbẹ̀. Àmọ́ kòtò ìgbà náà ò jìn púpọ̀, ìsàlẹ̀ àfonífojì ni wọ́n wà, koríko àti ọparun sì hù bò wọ́n. Adágún ni ọ̀pọ̀ dà. A máa ń dẹ ẹja níbẹ̀ lọ́mọdé. Kòkó ló wà lórí òkè nígbà náà, títí dé téńté. Bí òjò ṣe ń rọ̀ tó, abẹ́ kòkó ṣókùnkùn, ewé gbígbẹ nípọn nílẹ̀, omi á rọra wọlé lọ.

Ohun tó dé báyìí ni pé wọ́n hú kòkó. Wọ́n fi katapílà bẹ́ òkè fúnra rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá sì fọ tán, ẹnu àfonífojì ni wọ́n ń kó o jọ sí, ó ń di òkìtì gíga. Òjò á dé, omi á kún ẹ̀yìn òkìtì náà. Kò sí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, kò sí òkúta, yanrìn fífọ̀ lásán ni. Ọjọ́ tó bá já, gbogbo omi tó ti kó jọ ló máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àdùkẹ́, béèrè èyí lọ́wọ́ àbúrò rẹ: ṣé díẹ̀díẹ̀ ni omi yẹn ń pọ̀, àbí ó ya dé lójijì? Ṣé wọ́n gbọ́ ariwo? Ṣé ìgbà tí òjò le jù ló dé ni, tàbí ìgbà tó ti ń dá?

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Kí onílé tó lè kọ̀ fún un, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tó gbà wá.

Àdùkẹ́ Aláró

Bàbá, ẹ ṣeun, kí Ẹlẹ́dàá fi yín pẹ́ fún wa. Mo ti pe àbúrò mi. Ó ní òjò ti ń fúyẹ́, òun tiẹ̀ ti fẹ́ padà sùn, nígbà tí òun gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lókè. Kò pẹ́ sí i ni ọgbà fi wó. Láàárọ̀, nígbà tí wọ́n gòkè lọ wò ó, òkìtì kan tó ti dí ìṣàn láti ọdún tó kọjá ti já láàárín gbungbun. Kòtò ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ. Àmọ́ òkìtì méjì mìíràn ṣì wà lókè rẹ̀, omi sì kún ẹ̀yìn wọn.

Tíṣà Jọ́gíráfì

Ohun tí bàbá sọ bá ìmọ̀ mu pátápátá, àlàyé àbúrò àǹtí sì ti fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Àgbàrá tó dé lẹ́yìn tí òjò ti ń dá, tó sì dé tariwotariwo, omi tí wọ́n sé mọ́ ibì kan ló já.

Nílẹ̀ wa, òjò máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní nǹkan bí oṣù Kẹfà sí Keje, àti ní oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn tó bá ti sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tí òjò kejì fi máa dé, ilẹ̀ ti mumi yó láti ti àkọ́kọ́. Níbi tí wọ́n bá sì ti há erùpẹ̀ òkè kúrò, ilẹ̀ pupa líle ló kù. Omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, ṣe ló máa ń yọ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òjò tí kò pẹ́ fi lè ba ilé jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Òṣogbo náà ju bí a ṣe rò lọ. Láti Ìgẹ̀dẹ̀ Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó kàn wá. Ìdọ̀tí ibi ìwakùsà ló sọ omi rẹ̀ di aláwọ̀ ẹrẹ̀ láti ọdún bíi mélòó kan. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005 ni omi yẹn ń gbà kọjá. Láti ọ̀dọ̀ wa ó tún ń lọ sínú ìdídò (dáàmù) Aṣéjìre, tí Ìbàdàn ti ń mu. Ẹrẹ̀ tó bá sì jókòó sísàlẹ̀ odò ń jẹ́ kí odò má jìn mọ́, kó lè tètè kún bò ní Gbódófọ̀n àti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun. Torí náà, arákùnrin, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí inú gọ́tà tẹ́ ẹ sọ àti ọ̀rọ̀ kòtò wúrà ò jìnnà síra wọn.

Kékeré Awakùsà

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà. Mo ń bẹ yín, kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi náà.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, mo kàwé jáde, mi ò ríṣẹ́, mo lọ ń fọ wúrà lápá ibẹ̀. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ àǹtí Àdùkẹ́. Àwa tá à ń fi ṣọ́bìrì àti igbá fọ yanrìn kọ́ la ni katapílà. Ọ̀gá tó ni ín lè má wá síbẹ̀ rárá. Ó fowó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni oko kòkó, ó gbẹ́ ẹ, ó kó lọ síbòmíràn. Ẹ wádìí ẹni tó ta òkè yẹn àti àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe. Àwọn ẹbí tó bá fojú síta máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni tó rà á dí kòtò kó tó lọ. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti dí i, tí wọ́n sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe.

Àwọn òkìtì méjì tó kù yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣọ́bìrì já wọn láti ìsàlẹ̀ o! Á gbé onítọ̀hún lọ. Ṣe ni wọ́n máa ń fi pọ́ńpù fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ dà sápá ibi tí kò sí ilé títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí katapílà tó wá ṣí ojú ìṣàn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Àbúrò, o ṣeun tó o sọ èyí. Jẹ́ kí n fi kan kún un nítorí ìwọ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn èèyàn gbé òkúta tó ní wúrà wá sílé láti lọ̀ ọ́, òjé inú rẹ̀ sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Àwọn bàbá wọn ò mọ̀. Aṣọ iṣẹ́ yín, ẹ má wọ̀ ọ́ wọlé bá ọmọ. Èéfín mẹ́kúrì tẹ́ ẹ bá ń sun góòlù, kò ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún yín, ó sì ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́.

Ọmọ Jọ́ọ̀sì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Òṣogbo ni bàbá bàbá mi ti wọ rélùwéè lọ sí Jọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí èmi, a sì ti padà wálé báyìí. Láti bíi 1904 ni òyìnbó ti ń wa tánganran ní Jọ́ọ̀sì. Àwọn iléeṣẹ́ náà ti lọ tipẹ́, àmọ́ adágún tí wọ́n gbẹ́ ṣì wà káàkiri Bukuru àti Barkin Ladi títí dòní. Ọmọdé ń kú sínú wọn.

Mo sì mọ ohun tí omi tó ya lóru ń ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ìdídò Lamingo kún bò lẹ́yìn òjò ńlá, ó sì lé ní 30 ènìyàn tó kú nílùú Jọ́ọ̀sì. Kì í ṣe kòtò tánganran ló fa ìyẹn, mi ò fẹ́ da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àǹtí gbọ́ ni pé, nígbà tí ẹni tó gbẹ́ kòtò bá ti kúrò nílùú, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa rí mú mọ́. Ìjọba á ní iléeṣẹ́ ni, iléeṣẹ́ ti di ìtàn. Àwọn tó gbẹ́ òkè ilé màmá yín ṣì wà láyé, wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ dì wọ́n mú.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ọ̀rọ̀ bàbá àti ti Tíṣà ti yé mi. Ṣùgbọ́n ta la fẹ́ bá sọ ọ́? Ọba ìlú, káńsù, àbí Abuja?

Tíṣà Jọ́gíráfì

Gbogbo wọn. Lábẹ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, Abuja ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Òfin yẹn kan náà ló ní kí ẹni tó gbàṣẹ tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́, kó sì bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè. Bí wọ́n bá ní ìwé àṣẹ, ẹ mú wọn pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá ní, ọ̀daràn ni wọ́n, ọlọ́pàá lè dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n ọba àti àwọn ìjòyè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ta ilẹ̀.

Àdùkẹ́ Aláró

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ dúpẹ́. A ti sọ̀rọ̀ nílé.

Àwọn àbúrò mi ti gbà pé a ò ní kun ohunkóhun. Wọ́n ti fi ọparun ti ògiri, wọ́n sì ti kọ déètì sára sísán náà gẹ́gẹ́ bí Bíríkìlà ṣe wí. Nínú gbogbo ilé tí omi wọ̀ ládùúgbò, a ti rí ẹni kọ̀ọ̀kan tó máa bá wa lọ sáàfin. Fọ́tò òkìtì tó já, ti àwọn méjì tó kù, àti ti inú ilé wà lọ́wọ́ wa. Ohun mẹ́ta la fẹ́ béèrè: kí wọ́n fa omi ẹ̀yìn àwọn òkìtì yẹn lọ́sẹ̀ yìí kí òjò mìíràn tó rọ̀, kí wọ́n ṣí ojú ìṣàn, kí wọ́n sì dí kòtò kí wọ́n tó kúrò lórí òkè. Ẹ̀dà ìwé náà á dé káńsù àti ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì.

Títí ìyẹn á fi ṣeé ṣe, màmá ò ní padà síbẹ̀. Wọ́n ń bínú sí mi. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún omi, ta ni yóò bá a ṣọ́ ọ? Mo sunkún lórí fóònù lánàá. Bíríkìlà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa débẹ̀ ní Sátidé?

Bíríkìlà Ayétòrò

Mò ń bọ̀, àǹtí. Mi ò ní gbowó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, owó ọkọ̀ nìkan. Ẹ bá mi sọ fún màmá pé ilé bàbá ò ní parẹ́. A máa gbẹ́ kòtò ìyà-omi sókè ilé kí àgbàrá kékeré má tún dé ara ògiri, màá sì yẹ ìpìlẹ̀ wò ní gbogbo igun. Ẹ wá bárò méjì àti ṣọ́bìrì sílẹ̀.

Kékeré Awakùsà

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan á bá yín níbẹ̀ láti kó ẹrẹ̀. Mo mọ awakọ̀ katapílà kan tó ṣiṣẹ́ lórí òkè yẹn rí, mo ti pè é. Ó mọ orúkọ ọ̀gá, ó sì ní òun á sọ ọ́ níwájú ọba.

Baba Atakúnmọ́sà

Èmi náà á bá yín lọ sáàfin. Ìwọ kékeré, jẹ́ kí awakọ̀ náà kọ́kọ́ wá rí mi, kí n bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ̀rù má bà á.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi kànga sínú igo mímọ́ kan, kẹ́ ẹ bu ẹrẹ̀ inú ilé sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti bù ú àti déètì sí wọn lára. Mo máa bá yín wá ilé àyẹ̀wò tó lè wá mẹ́kúrì àti òjé nínú rẹ̀.

Àdùkẹ́ Aláró

Mo ti ra igo àti ìbọ̀wọ́. Aago méje àárọ̀ Sátidé, ní Ọláìyá, lápá ibi tí àwọn ọkọ̀ Iléṣà ti ń gbérò.